Ẹ̀dà kan nílé, ẹ̀dà kan l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Fọ́tò àwọn ọmọ ti kún fóònù mi fọ́fọ́, owó tí mò ń san lóṣooṣù láti fi kó o pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ò sì kéré mọ́. Bọ̀dá Ìjẹ̀rú, ṣebí ẹ ní server nílé, kọ̀ǹpútà tó máa ń wà ní títàn láti kó nǹkan pamọ́, ṣé irú èmi náà lè ṣe é?

Bọ̀dá Ìjẹ̀rú (Houston): Ẹ lè ṣe é dáadáa. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n tà yín ní server gàgàrà táwọn iléeṣẹ́ lò kù o, owó ẹ̀ lè wálẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ariwo ẹ̀ á lé yín kúrò ní pálọ̀, tó bá sì ń jẹ 150 watt tọ̀sán tòru, 1,314 unit nìyẹn lọ́dún. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ní N100 nínú, ìyẹn chip Intel kan tí kì í jẹná púpọ̀, ò sábà ju 10 watt lọ tí ò bá síṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ fi Debian tó máa darí kọ̀ǹpútà náà sí i, bíi Windows, ẹ fi Immich tó ń tọ́jú fọ́tò lé e, fóònù á máa da fọ́tò síbẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Bàbá Ìbejì ní tí hard disk inú ẹ̀ bá jẹ́ méjì, tí ohun kan náà ń wọ méjèèjì, ńkọ́, ìyẹn ò ti tó?

Bọ̀dá Ìjẹ̀rú: Kò tó rárá. Tọ́mọ bá fọwọ́ pa fọ́tò rẹ́, ó ti pa rẹ́ lórí méjèèjì nìyẹn, olè tó bá sì gbé kọ̀ǹpútà ò ní yọ disk kan sílẹ̀ fún yín. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹ̀dà mẹ́ta la máa ń ní, ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ sí lábẹ́ òrùlé kan náà. Ilé bàbá wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀dà tèmi wà, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ibí ni mo ti kó gbogbo ẹ̀ sórí disk tí mo fi gbé e sínú báàgì ọwọ́ lọ sílé, torí tẹ́ ẹ bá ní dátà ló máa gbé 400GB débẹ̀, ẹ máa jẹ gbèsè. Látìgbà yẹn, nǹkan tuntun nìkan ni restic, ètò tó ń bá mi ṣe ẹ̀dà, ń fi ránṣẹ́ lóru. Ó ń tì í pa pẹ̀lú password, ẹni tó bá jí i ò lè rí nǹkan kan wò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé password yẹn, ó parí fẹ́yin náà, torí náà ẹ kọ ọ́ sórí ìwé.

Àbúrò Tákíè (Dublin): Bọ̀dá, mo gbé irú kọ̀ǹpútà yẹn kan sílé màmá mi, mi ò rí i wọ̀ láti ibí. Mo ṣí port, ìyẹn ẹnu ọ̀nà àtìta wọlé lórí router, títí, pàbó.

Bọ̀dá Ìjẹ̀rú: Sìmù ló wà nínú router yẹn àbí? Àwọn tó ń ta dátà máa ń kó oníbàárà rẹpẹtẹ sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, CGNAT nìyẹn, ìpè tó bá ti ìta wá ò ní mọ ilé tó máa yà sí. Jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé fúnra ẹ̀ máa pè jáde, fi Tailscale, ètò tó máa so ẹ̀rọ ibẹ̀ àti tìẹ pọ̀, sí méjèèjì. Tí ò bá rí ọ̀nà tààrà, á gba ibòmíì kọjá, ó kàn máa fà díẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, port tó bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, kì í pẹ́ táwọn ọmọ burúkú á fi wá kàn án.

Àbúrò Tákíè: Ẹ ṣé gan-an sà. Iná ńkọ́?

Bọ̀dá Ìjẹ̀rú: Wọnú BIOS, ibi ètò tó máa ń ṣí kí kọ̀ǹpútà tó tan tán, wá ibi tí wọ́n kọ Power Loss sí, yí i sí Power On, tíná bá dé á tan ara ẹ̀, Màmá ò ní máa bẹ̀rẹ̀ wá bọ́tìnnì. Ra UPS kékeré kan, bátìrì tó ń gbé iná ró díẹ̀ tíná bá lọ, fóun àti router. Tí ọyẹ́ bá ti ń mú, ní kí wọ́n máa gbọn eruku ẹ̀. Má sì fi laptop iléeṣẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀ o, wọ́n ń wò yín.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa. Ta ló ń lọ sílé ní December? Disk kan péré ni o, kò wúwo.