Kí la máa ń ṣe nígbà tí ọ̀rẹ́ tó lawọ́ bá kú? (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ìwé ìsìnkú làwọn èèyàn máa ń sáré sí. Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tí olóògbé ń ṣe lóore ná. Ẹni tó lawọ́ kì í ro gbogbo rẹ̀ fún aya. Ẹ dé Ọjà Ọba, ẹ dé Arákalẹ̀, ẹ bi ọlọ́kadà, ẹ bi ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì. “Ó láàánú” lásán ò sọ nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹ bá kọ ọ́ pé bọ̀ọ̀lì méjì ló máa ń rà, tí á sì wá ẹni tí á fi ìkejì fún, ẹni tó mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín, omi á sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má kàn kọ orúkọ ẹni tó ràn lọ́wọ́ láìgba àṣẹ. Ìkọ̀kọ̀ ló ti ṣe é.

* * *

Àfikún lórí ìwé náà. Èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ po, tí wọ́n sì ń kàn pọ̀ láàárín, iye ojú ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín: 12, 16, 20. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí 17, ojú ewé mẹ́ta á ṣófo, ẹ ó sì sanwó rẹ̀. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́. Á dán lórí fóònù, á ṣe bàìbàì lórí ìwé. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi “document”. Ẹ tọ́jú ohùn olóògbé tó wà lórí fóònù yín pẹ̀lú.

* * *

Owó ni ìjà ti ń bẹ́. Ẹ má san owó ìdáwó sínú àkáǹtì olóògbé. Bí báńkì bá ti gbọ́ nípa ikú náà, wọ́n á tì í pa, ó di ìgbà tí mọ̀lẹ́bí bá gba ìwé àṣẹ ìpín ogún ní ilé ẹjọ́ gíga. Orúkọ “next of kin” tó wà ní báńkì kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ yẹn máa ń pẹ́, ilé ìwé ọmọ ò sì ní dúró dè é. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i. Ní tèmi, ká fi ti aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká kó owó rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn tó jẹ olóògbé ní gbèsè ńkọ́? Ẹni tó lawọ́ kì í kọ gbèsè sílẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì inú fóònù olóògbé á sọ ẹni tó fowó ránṣẹ́ sí, kò ní sọ bóyá ó yá a ni tàbí ó ta á lọ́rẹ. Ẹ má gbé e síta lójú gbogbo ẹgbẹ́. Kí ẹnì kan lọ bá ẹni tó gba owó náà nílé, lálẹ́, kó bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.