“Àìdì” kọ́ ni “àìdá”: ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ Dókítà von Willebrand

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo rí àbá pé kí a máa fi “àìdì ẹ̀jẹ̀” pe gbogbo àrùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára èèyàn. Ó kúrú, ó sì dùn lẹ́nu, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn: àìdì ni pé ẹ̀jẹ̀ kò dì, àìdá ni pé ẹ̀jẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ní 1924, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún 5 kan láti Föglö, ní erékùṣù Åland, wá bá dókítà Erik von Willebrand, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà lónìí, ní Helsinki, ní Finland. Ẹ̀jẹ̀ dídà ti pa mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Hemofílíà, àrùn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dáadáa, ni ẹnikẹ́ni ì bá pè é. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni hemofílíà sábà máa ń mú, inú oríkèé ara ni ẹ̀jẹ̀ sì máa ń dà sí. Nínú ẹbí yìí, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe, imú, ẹnu àti ilé ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ sì ń gbà jáde.

Ibi tó kan èdè wa gan-an nìyí. Nígbà yẹn, àwọn dókítà á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó dì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ìsàlẹ̀ etí, wọ́n á máa fi bébà fa ẹ̀jẹ̀ náà ní ìdajì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, títí ojú ibẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹbí ará Åland yìí dì nínú ìgò bíi ti gbogbo èèyàn. Ojú abẹ́rẹ́ ni kò dá. Bí a ṣe ń sọ pé òjò dá náà la ṣe ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ dá.

Nígbà tí von Willebrand kọ ọ̀rọ̀ àrùn náà jáde ní 1926, “pseudohemofili” ló pè é, ìyẹn ayédèrú hemofílíà. Kí ni ayédèrú nínú àrùn tó pa ọmọ yẹn lọ́mọ ọdún 13, nígbà tó ṣe nǹkan oṣù rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin? Ẹ má jẹ́ ká tú orúkọ yẹn sí Yorùbá rárá. “Ìsun ẹ̀jẹ̀” inú Bíbélì náà kò tó: jẹjẹrẹ lè fa ìsun ẹ̀jẹ̀, oyún tó bàjẹ́ náà lè fà á.

Ní 1957, Inga Marie Nilsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi hàn pé inú omi ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó dín kù wà. Èròjà ọ̀hún ló ń lẹ platelet, ìyẹn àwọn wóróbo inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́, mọ́ ojú ọgbẹ́, òun náà ló sì ń gbé èròjà kẹjọ (factor VIII) tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí àìtó rẹ̀ ń fa hemofílíà A, kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí àrùn náà bá le lára rẹ̀ fi máa ń ní àìdì àti àìdá pọ̀.

Nítorí náà, kí “àìdá ẹ̀jẹ̀” jẹ́ orúkọ àpapọ̀, kí “àìdì ẹ̀jẹ̀” jẹ́ ti hemofílíà. Wàhálà ibẹ̀ ni àmì ohùn. Ẹni tó bá rí “aida eje” lára ògiri ilé ìwòsàn lè kà á sí àìdà, ìyẹn pé ẹ̀jẹ̀ kò dà, tó jẹ́ òdìkejì pátápátá. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, “àìdáwọ́dúró ẹ̀jẹ̀” ni èmi á mú. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó mú un wá.