Ìpéye kọ́, ìṣerẹ́gí ni: lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìhunṣọ olóbìrìkìtì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Arákùnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé ìkọ́ṣẹ́ béèrè bí a ó ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá pé a fẹ́ mú kí 'reliability' àti 'precision' àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ ìhunṣọ olóbìrìkìtì ('circular knitting machine') dára sí i. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó kọ́kọ́ dáhùn dábàá 'ìṣeéfọkàntán' fún èkíní àti 'ìpéye' fún èkejì. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdáhùn wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí mo ti dúró ti irú ẹ̀rọ yìí rí, ó sì dá mi lójú pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ló yẹ kó yan ọ̀rọ̀ fún wa.

Irin róbótó kan ló wà láàárín ẹ̀rọ náà, bí agolo ńlá tí kò ní ìdí. Wọ́n gbẹ́ ojú ihò tóóró tóóró sí ara rẹ̀ lóòró, abẹ́rẹ́ kan sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí fífẹ̀ irin náà bá jẹ́ ínṣì 30, tí abẹ́rẹ́ sì jẹ́ 28 nínú ínṣì kan lára àyíká rẹ̀, àpapọ̀ abẹ́rẹ́ yóò tó 2,640. Bí irin náà ti ń yí ni ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba orí àwọn irin atọ́nà tó dúró yíká. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ sókè kó lè gba òwú, tí wọ́n sì ń tì í sọ̀kalẹ̀ kó lè fa òwú náà gba inú ojóbó àtẹ̀yìnwá. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè, ojóbó tó wà lọ́rùn rẹ̀ á ṣí ahọ́n kékeré kan tó wà lẹ́nu ìkọ́. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ojóbó yẹn kan náà á ti ahọ́n náà padé, á sì yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbè sẹ́yìn ẹni tó sọ pé ká pe abẹ́rẹ́ yìí ní 'abẹ́rẹ́ aláhọ́n'. Àwọn ará Jámánì pàápàá ń pè é ní Zungennadel, tí í ṣe abẹ́rẹ́ aláhọ́n gan-an, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú orúkọ tiwọn láti ara ìdè ìlẹ̀kùn. Olúkúlùkù ló wo ilé ara rẹ̀ kó tó sọ nǹkan lórúkọ.

Ẹni kan kọminú sí 'ìhunṣọ', pé iṣẹ́ òfì nìkan ni híhun. Òótọ́ ni pé lórí òfì, òwú kan ń dábùú èkejì, tí òwú inú ẹ̀rọ yìí sì ń wọ inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń hun ẹní, a sì ń hun agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò tó. Bí ìyàtọ̀ bá pọn dandan, ká sọ pé 'ìhunṣọ olójóbó'. Ní ti 'ayíbírí' tí àwọn kan fẹ́ dípò 'olóbìrìkìtì', irú ẹ̀rọ yìí kan wà tó jẹ́ pé irin atọ́nà ni ó ń yí, tí irin abẹ́rẹ́ sì dúró sójú kan. Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni 'ìpéye'. Nǹkan péye nígbà tí iye rẹ̀ kò dín. Ẹ wá wò ó: bí ojóbó kọ̀ọ̀kan bá gba òwú mìlímítà 2.8, ìlà ojóbó kan tó yí ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ 2,640 ká yóò gba nǹkan bíi mítà 7.39. Kẹ̀kẹ́ afúnwú wà tó ń wọn òwú yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, tí kì í fún un lé, tí kì í sì í fún un dín. Mo tú ìlà kan kúrò lára aṣọ kan bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo sì wọn òwú rẹ̀: ó péye. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé aṣọ náà sójú fèrèsé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á láti òkè dé ilẹ̀, nítorí ihò abẹ́rẹ́ kan ti jẹ, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò lọ sísàlẹ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ojóbó rẹ̀ sì kéré. Àpapọ̀ péye, aṣọ bàjẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń wá ni kí ojóbó kan bá èkejì mu, bí pákó méjì tí káfíńtà tó mọṣẹ́ so pọ̀, tí a ó ní wọ́n ṣe rẹ́gí. Nítorí náà, 'ìṣerẹ́gí' ni mo dábàá, kí 'ìpéye' sì wà fún bíbá iye tí a fẹ́ mu. 'Ìdọ́gba' ìbá ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn oníṣirò ti gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú ìbéèrè náà, tí ìwé yẹn kò sì lè ṣe kó má kàn. Bí abẹ́rẹ́ kan bá ń sọ̀kalẹ̀, tí òwú tó ń bọ̀ láti orí kókó òwú bá le, á fa òwú gbà lára ojóbó tí abẹ́rẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn olùwádìí méjì, Knapton àti Munden, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1966, ìdí sì nìyí tí jíjìn irin atọ́nà nìkan kò fi lè sọ bí ojóbó yóò ti tóbi tó. Olè ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é. Èmi kò fẹ́ olè, nítorí òwú náà kò sọnù. Ó kàn kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí èkejì ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 'ìfàgbà'.

Ó ku 'ìṣeéfọkàntán'. Ènìyàn ni à ń fọkàn tán, nítorí ìwà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo sọ yìí, bí ojú afúnwú rẹ̀, ìyẹn ibi tí òwú ń gbà dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́, bá jẹ́ 90, tó sì ń yí nígbà 25 ní ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gòkè sọ̀kalẹ̀ nígbà 2,250 láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Láàárín wákàtí mẹ́jọ, ó ti ju mílíọ̀nù kan lọ, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ á sì máa gbá irin atọ́nà ní gbogbo ìgbà yẹn, pẹ̀lú ìdọ̀tí òwú tó ń kó sínú ihò. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ṣé kò ní yẹ̀? À ń sọ pé àdéhùn kò yẹ̀, pé ẹsẹ̀ ẹni kò yẹ̀. Méjèèjì ló bá abẹ́rẹ́ yìí mu. 'Àìyẹ̀' ni mo fara mọ́. Àwọn tó ní kì í ṣe ohun tó dára láti fi 'àì' bẹ̀rẹ̀ orúkọ ohun rere kò rántí 'àìkú' àti 'àìṣẹ̀tàn'. Bí a bá fẹ́ fi nọ́ńbà wọ̀n ọ́n, 'ìwọ̀n àìyẹ̀' wà ńlẹ̀.

Bí èmi ni mo ń túmọ̀ ìwé náà, báyìí ni n ó ṣe kọ gbólóhùn yẹn: 'Mímú kí àìyẹ̀ àti ìṣerẹ́gí àwọn ẹ̀yà aṣiṣẹ́ inú ẹ̀rọ ìhunṣọ olóbìrìkìtì pọ̀ sí i.' Èyí tí n kò tíì rí orúkọ fún ni irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà láàárín abẹ́rẹ́ méjì, tó ń di aṣọ mú sílẹ̀ kó má bàa bá abẹ́rẹ́ gòkè. 'Adìmú' ló wá sí mi lọ́kàn. Bí ẹni tó hun òfì dàgbà bá wà láàárín wa, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wò ó fún mi.