Ta ló ti tún ẹ̀sọ́ọ̀sì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kí epo lè dínkù? Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ará Òkè-Fìà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni mo ti ń ṣírò ibi tí mo ń lọ kí n tó gbé ọkọ̀ jáde. Ẹnì kan tó ń jó ẹ̀sọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kí òun yọ kátálíìsì (èyí tó ń dín májèlé inú èéfín kù) àti sàlẹ́ńsà (èyí tó ń dín ariwo kù) Corolla mi, kí òun fi páìpù gbọọrọ tó fẹ̀ rọ́pò wọn. Ó ní bí èéfín bá ti ń rí ọ̀nà jáde fàlàlà, ọkọ̀ yóò máa sáré, epo yóò sì dínkù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀, báwo ló ṣe rí?

Awakọ̀ ọ̀nà Ìkìrun:
Mo ṣe é sí Primera mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ inú mi dùn, nítorí pé ohùn ọkọ̀ yí padà, ó sì dà bí ẹni pé agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ọláìyá dé Ọjà Ọba, mo rí i pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kì í fẹ́ gbéra. Àfi ìgbà tí mo bá bọ́ sí ọ̀nà tó já geere, tí ẹ́ńjìnì ń yí kíkankíkan, ni mo tó ń rí agbára tí wọ́n ṣèlérí. Mẹkáníìkì àgbà kan ló là mí lóye pé eré tí èéfín tó ṣáájú ń sá ló ń fa ìyókù jáde, bí páìpù bá sì fẹ̀ jù, eré náà á rọlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì kò bá tíì yí púpọ̀. Ní ti epo, kò dín rárá, nítorí ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ kó lè gbéra tún fi kún un.

Ọmọ Ẹdẹ:
Ẹ má yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ní tèmi, Camry mi kò lè gun òkè mọ́. Wọ́n ní kátálíìsì ti dí, wọ́n yọ ọ́, wọ́n jó páìpù sí ipò rẹ̀, mo san owó iṣẹ́, mo tún dúpẹ́. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà ta kébé lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, “Ẹ̀yin mọ́mì, níbo ni kátálíìsì náà wà?” Mo ní mo fi sílẹ̀ fún wọn. Ìgbà náà ló sọ fún mi pé àwọn kan ń rà á káàkiri nítorí àwọn mẹ́tálì olówó iyebíye inú rẹ̀, àwọn bíi platinum, palladium àti rhodium. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ó dùn mí títí di òní, kì í sì í ṣe nítorí owó náà nìkan.

Awakọ̀ ọ̀nà Ìkìrun:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Nígbà tí mo ka tiyín tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé èmi náà kò rí tèmi gbé wálé.

Ajórin:
Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń sọ fúnra wọn pé kí ni àwọn fẹ́ fi irin dídógùn-ún ṣe. Bí ẹni bá fi nǹkan sílẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ, kò yẹ kí a pe ẹni tó kó o ní olè.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, n kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìgàn aṣọ fún télọ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù, tèmi ni, àfi bí mo bá fi ta á lọ́rẹ. Ẹni tó mọ iye tí nǹkan tó ló yẹ kó sọ fún ẹni tí kò mọ̀.

Ajórin:
Èyí tí ẹ sọ yìí, mo gbà á, mọ́mì. Ó yẹ kí a máa sọ ọ́.

Rìwáyà Ìlobùú:
Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ó dí? Ìbéèrè tí mo ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá nìyẹn. A máa ń tú sẹ́ńsọ̀ iwájú, èyí tó ń wo ọ́síjìn inú èéfín kó tó dé kátálíìsì, a ó fi géèjì sí ojú ihò rẹ̀, a ó sì ka bí èéfín ṣe ń tì padà. Bí ó bá ju nǹkan bíi 3 psi (ìwọ̀n agbára tí èéfín fi ń tì) lọ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé nǹkan dí i. Kátálíìsì kì í sì í ṣàdédé dí. Plọ́ọ̀gì tí kì í jó dáadáa ni, tí epo tí kò tíì jó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, tó ń jó níbẹ̀ tó sì ń yọ́ ọ, tàbí ẹ́ńjìnì tó ń mu ọ́ìlì. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ kò wo ìdí rẹ̀, àrùn náà ṣì wà nílẹ̀, iná ẹ́ńjìnì yóò sì tàn, kóòdù P0420, tó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó, ni ẹ ó sì máa bá nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Ọmọ Ẹdẹ:
Ẹ̀gbọ́n, tèmi ti wà láìní kátálíìsì láti ọdún méjì, iná kankan kò tàn.

Rìwáyà Ìlobùú:
Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò kí o tó rà á. Yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, láìta ọkọ̀, kí o wò ó bóyá iná náà á yọjú.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó dín epo tèmi kù kéré gan-an. Láàárọ̀, bí mo bá ta ọkọ̀, mo máa ń gbọ́ “ṣù, ṣù, ṣù” lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹ́ńjìnì bá sì gbóná tán, ohùn náà á lọ. Páìpù ló là níwájú sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ ń rò pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà sì ń tú epo kún un, nítorí pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ló ń wá. A jó ibi tó là náà. Mo máa ń kún táǹkì dé ẹnu, mo máa ń kọ kìlómítà sílẹ̀, mo sì tún máa ń kún un padà kí n tó ṣírò: láti kìlómítà 8 lórí lítà kan, ó di 10 àti díẹ̀. N kò yọ nǹkan kan, n kò sì fẹ nǹkan kan.

Ìyàwó Àlùfáà:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n gé ẹnu páìpù yín sí. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fi tiwa mọ, wọn kò fà á dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí a ti ń bọ̀ láti Gbọ̀ngán, àwọn ọmọ ní orí ń fọ́ àwọn, èyí àbúrò sì ń bì. A rò pé ibà ni. Èéfín ló ń gba ilẹ̀ búùtù wọlé. Carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín náà, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé.

Awakọ̀ ọ̀nà Ìkìrun:
Ọlọ́run ló yọ yín. Mo ń lọ wo abẹ́ tèmi lónìí.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ ṣeun, ìyàwó wa. Ẹ máa ṣí fèrèsé títí wọn yóò fi fà á jáde.

Ará Òkè-Fìà:
Ẹ ṣé o. Mo ti sọ fún ẹni náà pé kó dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, ẹ ó bá mi fi géèjì náà wò ó lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá Ìbejì:
Ẹni tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n wá tòkunbọ̀ rà?

Ajórin:
Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Rìwáyà wo plọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì yín. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá rí tòkunbọ̀, ẹ gbé e sókè kí ẹ fi ọwọ́ gbá a. Bí inú rẹ̀ bá ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, ẹ dá a padà. Ẹ wá pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wò. Èmi ni yóò jó o, ojú yín ni yóò sì ṣe.