Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, àwọn ọmọ mi ò fẹ́ wo Voltron

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni.

Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní Mọ́kọ́lá. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, àmọ́ kò dé pálọ̀ tiwa títí di 1986. Látìgbà yẹn, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ìlà gbọọrọgbọọrọ yẹn bá ti wà lójú ẹ̀, tó ń han "píííí" mọ́ wa létí, kò sẹ́ni tó lè rán wa níṣẹ́ mọ́. A ó jókòó ti ariwo yẹn títí wọ́n á fi kọ orin orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kátúùnù. Tèmi ni Voltron: kìnnìún onírin márùn-ún tí wọ́n máa ń so pọ̀ di òmìrán kan ṣoṣo.

Ní Sátidé tó kọjá mo wá a rí lórí YouTube. Mo ra dátà, mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo bu ẹ̀pà sínú abọ́, mo pe àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 11 àti obìnrin ọmọ ọdún 8. Kò tíì tó ìṣẹ́jú 10 tí obìnrin ti sùn lọ. Ọkùnrin fara dà á títí dé ibi tí àwọn kìnnìún ti fẹ́ so pọ̀, ló bá ní: "Dádì, ṣé wọ́n mọ̀ pé táwọn bá ti so pọ̀ àwọn máa borí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní: "Kí ló wá dé tí wọn ò so pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ọ̀tá kọ́kọ́ nà wọ́n?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó gbé abọ́ ẹ̀pà, ó jáde.

Èyí tó wá burú jù ni pé èmi gan-an ò lè wò ó tán. Ó sú mi. Kátúùnù tí mo fi orúkọ ẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi!

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn. Tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun ni tiwa. Bàbá wa ra ọ̀rá aláwọ̀ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ẹ̀, tí wọ́n máa ń fi bojú tẹlifíṣọ̀n kó lè jọ kọ́lọ̀: òkè ẹ̀ búlúù, àárín pupa díẹ̀, ìsàlẹ̀ gíríìnì. Kìnnìún tó bá fò sókè á di búlúù, tó bá balẹ̀ á di gíríìnì. Bọ̀ọ̀dá mi tó fi ọdún 5 jù mí lọ ló máa ń túmọ̀ òyìnbó fún wa, òun náà ló sì pín kìnnìún. Ó mú dúdú, tó jẹ́ orí àti àyà. Ó ní èmi ni pupa, ó ní pupa ni ẹsẹ̀ òsì. Mo gbà. Ní praimárì 4, ọmọ kan tí bàbá ẹ̀ ní kọ́lọ̀ sọ fún mi pé irọ́ ni, pé apá ni pupa. Mo bá a jà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ la ètè mi. Ojú ọgbẹ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Sátidé yẹn ni mo kọ́kọ́ rí Voltron ní kọ́lọ̀ láyé mi. Apá ọ̀tún ni pupa. Yẹ́lò ni kìnnìún tèmi!

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí àwọn ọmọ yìí á fi rí ohun tí mo rí nígbà yẹn? Àbí kí n kúkú fi wọ́n sílẹ̀? Àti pé, ṣé kí n pe bọ̀ọ̀dá mi? Ọmọ ọdún 46 ni mí o.

Jagun Iléṣà

Owó iléèwé ń bẹ nílẹ̀, ẹ̀yin ń wá kìnnìún kiri. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín jàre. Ọ̀rọ̀ ètè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìnáwó dátà, Bàbá wa. Ẹ̀yin lẹ ò ṣe é re. Ìgbà tó bá wu àwọn ọmọ yìí ni nǹkan máa ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ làwa ń rí i, bí wọ́n bá sì mú iná lọ ní aago mẹ́rin àbọ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ tún un ṣe.

Ọjọ́ kan wà tí àbúrò mi ọkùnrin lọ yí àńténà lẹ́yìnkùlé. A wà ní pálọ̀, à ń pariwo: "Ó kù díẹ̀! Padà! Ó ti dáa! Má yí i mọ́!" Ó jọ̀wọ́ irin náà, àwòrán lọ. Ó dì í mú padà, àwòrán dé. Bó ṣe di pé ó dúró síbẹ̀ nìyẹn, tó di irin mú nínú oòrùn, títí kátúùnù fi parí. Alẹ́ ọjọ́ náà la wá ń sọ bó ṣe lọ fún un. Títí dòní, òun ló mọ ìtàn ọjọ́ yẹn jù nínú gbogbo wa, ẹni tí kò sì fojú rí i rárá ni.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ máa fi ẹyọ kan ṣoṣo hàn wọ́n ní Sátidé, kẹ́ ẹ sì pa á. Bí wọ́n bá bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ gbé òmíràn sí i, ẹ má gbà.

Ará Mọ́kọ́lá

Wọn ò bẹ̀bẹ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ọ̀kan sùn, ọ̀kan gbé ẹ̀pà lọ.

Ayàwòrán Yábàá

Iṣẹ́ kátúùnù ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọmọ yín. Ìbéèrè gidi ló bi yín, owó sì ni ìdáhùn ẹ̀.

Àwọn ará Jàpáànì ló ya nǹkan yẹn, ilé-iṣẹ́ Toei, ní 1981. GoLion ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Àwọn World Events Productions ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ló rà á, wọ́n gé e, wọ́n fi òyìnbó sí i lẹ́nu, ó sì jáde ní 1984 lórúkọ Voltron. Wọ́n máa ń sọ pé kátúùnù mìíràn tó ní kìnnìún ni wọ́n tiẹ̀ béèrè, tí àwọn ará Jàpáànì fi èyí ránṣẹ́ ní àṣìṣe. GoLion tọ̀hún le ju èyí tí ẹ wò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wa kìnnìún búlúù, tẹ́ ẹ mọ̀ sí Sven, ó kú ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà gé ikú ẹ̀ kúrò, wọ́n ní wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù.

Ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ wá ńkọ́? Ìṣẹ́jú àáyá kan péré nínú kátúùnù lè jẹ àwòrán 8, ó lè jẹ 12, ó lè jẹ 24, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yà á nígbà yẹn. Torí náà wọ́n á ya ibi ìsopọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó rẹwà dáadáa, wọ́n á fi pa mọ́, wọ́n á máa mú un jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwòrán kan náà lẹ̀ ń rí láti ọjọ́ kìíní. Tí wọ́n bá wá so pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi dí àkókò tó kù? Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé tó bá dàgbà, kó wá bá mi ṣiṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wo Voltron dandan, DreamWorks tún un ṣe fún Netflix ní 2016. Ìtàn tiẹ̀ ń tẹ̀síwájú, kì í tún ara ẹ̀ sọ. Àmọ́ kì í ṣe tiyín o, kẹ́ ẹ má wá sunkún síbí.

Àdìó Ṣàgámù

Ẹ gbé Tom and Jerry fún wọn, kẹ́ ẹ sinmi. Láti 1940 ni wọ́n ti ń lé ara wọn kiri, kò sí òyìnbó tí ẹnikẹ́ni máa túmọ̀. Ìyá ìyá mi kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan, àmọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ jókòó. Inú ẹ̀ kì í sì í dùn sí wọn: "Ṣé ológbò yìí ò lólówó ni? Ẹ fún un lẹ́ja, kó yéé da ilé onílé rú!"

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Cardiff

Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. SuperTed ni tèmi, béárì ìṣeré tó máa ń fò yẹn, àṣé ibi tí mo wá ń gbé yìí ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ. Èdè Welsh ni, èdè ìbílẹ̀ àwọn ará ibí. Ní November 1982 ni wọ́n ṣí S4C, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí èdè Welsh, SuperTed sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù yẹn gan-an. Mike Young tó ṣẹ̀dá ẹ̀, ọmọ ẹ̀ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn ló ń pa ìtàn náà fún kó tó di kátúùnù. Mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí mo kà á, mo ronú títí mo fi kọjá ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí. Mo máa ń pa ohùn ẹ̀, èmi ni màá máa fi Yorùbá sọ ọ́. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún 6. Ó lọ sọ fún tíṣà ẹ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni SuperTed, pé nílé nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìyá mi wá kí wa, wọ́n rí Spotty, ọ̀rẹ́ SuperTed, pẹ̀lú gbogbo àmì tótòtó ara ẹ̀, wọ́n ní: "Ẹ̀ẹ̀n? Ilẹ̀ẹ́gbóná ló bá eléyìí jà ni?" Ó ti wọ inú eré wa báyìí. Kò sí ọjọ́ tí a máa wò ó tí ọmọ ò ní béèrè bí ara Spotty ṣe yá tó.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ pa ohùn Voltron, kẹ́ ẹ máa túmọ̀ ẹ̀ fún wọn bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe túmọ̀ ẹ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ purọ́ díẹ̀ sí i, kò burú.

Ọmọ Onílé

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín. Àwa la ní kọ́lọ̀ ládùúgbò wa, l'Óṣogbo. Bàbá mi gbà kí àwọn ọmọ wá wò ó, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fọ ẹsẹ̀ wọn nídìí kànga kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì to bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Tí pálọ̀ bá kún, àwọn tó kù á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á fi imú tẹ nẹ́ẹ̀tì, eruku nẹ́ẹ̀tì á sì ya ìlà tín-ín-rín-tín-ín-rín sí wọn nímú. Èèyàn á mọ ẹni tó wo kátúùnù níta lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́nì kan bá ti ṣẹ̀ mí níléèwé, mi ò ní bá a jà. Màá kàn dìde láàárín Captain Planet, màá fa kọ́tìnì, màá padà lọ jókòó.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ gbowó ní báńkì. Obìnrin tó wà ní kàǹtà wò mí, ó tún mi wò, ó ní: "Kọ́tìnì!" Àṣé orúkọ tí gbogbo wọn ń pè mí lẹ́yìn mi nìyẹn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà èèyàn lẹ́yìn mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ka owó fún mi, àmọ́ ó ní òun ò mọ bí kátúùnù ọjọ́ yẹn ṣe parí títí dòní.

Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín.

Ará Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti pè wọ́n. Mo gbé e sí sípíkà, àwọn ọmọ ń gbọ́.

Mo ní: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ parọ́ fún mi." Wọ́n ní lórí kí ni. Mo ní: "Voltron. Ẹ ní pupa ni mí, yẹ́lò ni mo jẹ́." Wọ́n dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní: "Èdè wo ni mo fi sọ ọ́ fún ẹ?" Mo ní Yorùbá. Wọ́n ní: "Ó dáa. Inú ẹyin tó máa ń yẹ́lò yẹn, kí là ń pè é?" Mo ní pupa ẹyin. Wọ́n ní: "Àǹtí wa tó mọ́ lára ńkọ́, ṣé a kì í ní ó pupa ni? Mo sọ fún ẹ pé pupa ni ẹ́, pupa sì ni ẹ́. Ìwọ lo lọ ń fi gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ."

Àwọn ọmọ ti ń yí nílẹ̀. Èyí obìnrin, èyí tó sùn, ó ní: "Bọ̀ọ̀dá Dádì, ta wá ni ẹsẹ̀ kejì?" Wọ́n ní àbúrò wa obìnrin ni. Búlúù. Wọ́n ní àwọn sọ fún un nígbà yẹn pé ọmọ ọba ló wà nínú kìnnìún tiẹ̀, ìyẹn ló ṣe gbà láìjà. Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni, lẹ́yìn Sven, ọmọ ọba obìnrin ló ń wa búlúù.

Wọn ò tíì bèèrè pé ká tún wo Voltron o. Àmọ́ látàná ni wọ́n ti ń jà sí ta ló máa jẹ́ orí. Obìnrin ní òun ni, kí ẹ̀gbọ́n òun lọ ṣe ẹsẹ̀. Mo fẹ́ bá wọn dá sí i, wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì kì í sọ̀rọ̀.

Jagun Iléṣà

Ètè ńkọ́?

Ará Mọ́kọ́lá

Wọ́n ní àwọn ò sọ pé kí n jà.