Báwo ni mo ṣe lè yin iṣẹ́ ọmọ yìí kó mọ̀ pé mo rí i lóòótọ́?

Ẹ̀yin ará, okun o. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ya fọ́tò ní Kàbà: ìgbéyàwó, ìwúyè, ìsìnkú, páásípọ́ọ̀tù. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Nínú ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán lórí fóònù, tẹ́nì kan bá fi iṣẹ́ hàn, àtàǹpàkò là ń nà sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi fi àwòrán ìsìnkú àgbà kan ní Bùnú hàn. Aṣọ ìpò wà níbẹ̀, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń yẹ́ òkú ìjòyè sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya pupa nínú oòrùn rí mọ wàhálà rẹ̀: gbogbo òwú á para pọ̀ di ẹyọ kan bí ọ̀dà tó dà sílẹ̀. Nínú tọmọ yìí, mo rí òwú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó títí. Àtàǹpàkò náà lèmi náà nà.

Lọ́jọ́ kejì ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò ní fi iṣẹ́ hàn mọ́, pé òun ò mọ̀ bóyá òun ń ṣe é dáadáa. Ó dùn mí wọra.

Tí mo bá yìn ín jù, ṣé kò ní gbéra ga? Àléébù kan sì wà: ó fi kọ̀ǹpútà fọ ojú àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn títí ó fi funfun bí ẹ̀lùbọ́. Ṣé kí n sọ ìyẹn pọ̀ mọ́ ọn?

Bàbá Ìsánlú: Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù ìgbéraga yẹn ló pa ẹnu gbogbo wa dé. Ọ̀gá tó kọ́ mi ò yìn mí lẹ́ẹ̀kan títí mo fi ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Ó ti kú báyìí, mi ò sì mọ̀ títí dòní bóyá iṣẹ́ mi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ òwú tẹ́ ẹ sọ fún wa yẹn gan-an, ẹ sọ ọ́ fún un.

Ìyá Fọ́tò, Mọ́pà: "Ó dára gan-an" ló ń mú ọmọ wú, torí kò mọ ohun tó ṣe. Nígbà tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo fọ́tò, àwòrán irun dídì tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 ni mo máa ń tẹjú mọ́. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ nínú wọn. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí ojú ò sí níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi: ká ní ojú wà níbẹ̀ ni, ojú la ó máa wò, a ò ní rí irun. Irú ohun tó yé yín báyẹn ni kẹ́ ẹ sọ.

Ọmọ Ìjùmú, Lọ́kọ́ja: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìyìn ò ra mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ pè é síṣẹ́, kẹ́ ẹ sanwó fún un. Mo sì ti rí àwòrán náà lórí status ẹlòmíì láìsí orúkọ ọmọ náà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ìyá Fọ́tò, Mọ́pà: Òótọ́ ni Ọmọ Ìjùmú sọ. Ní ti ojú funfun, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ má sọ ọ́ láàárín èrò. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fà á. Ó lè jẹ́ oníbàárà ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Oníbèéèrè: Mo ti kọ ọ́ síwájú gbogbo ẹgbẹ́: "Àbúrò, mo ka òwú aṣọ ìpò yẹn. Báwo lo ṣe ṣe é tí pupa ò fi jóná?" Ó fèsì gígùn. Ó ní òun dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lòun yà á kó tó bọ́ sí i. Àwọn méjì míì ti ń bi í léèrè bó ṣe ṣe é. Ẹni tó gbé e sí status ti fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Mo pè é nípa ojú àwọn ìyá. Ó ní òun rò pé bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Yóò gbé èyí tí kò tíì fọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé, a ó jọ wò ó. Mo ti ní ìsìnkú kan ní ìparí oṣù, òun ni yóò mú kámẹ́rà kejì.