Wọ́n ní kí n dín if-else mi kù, ni 0 bá di 30

Ọmọ_Ẹnuwá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ifẹ̀ níbí ni mo wà, mò ń bá wọn kọ àpù open source kékeré kan (gbogbo ayé ló lè rí kóòdù ẹ̀), èdè kọ̀ǹpútà Python la fi ń kọ ọ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa rán èèyàn létí kíláàsì. Ibi tó ti ń mú iye ìṣẹ́jú tó máa ṣẹ́ kù sí kíláàsì kó tó dún ni mo kọ, á kọ́kọ́ wo èyí tẹ́ni náà mú fúnra ẹ̀, tí kò bá sí á wo fáìlì config (ibi tí ètò àpù náà wà), tí kò bá sí níbẹ̀ náà á mú 30. Láìnì 14, if-else (tó bá rí báyìí ṣe tibí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣe tọ̀hún) nínú if-else. Ẹni tó yẹ kóòdù náà wò ní kí n jẹ́ kó rọrùn, mo bá sọ ọ́ di láìnì kan:

iseju = eni or config or 30

Inú mi dùn gan-an, àfìgbà tí mo fi 0 sí i pé kó má dún rárá, ló bá tún dún nígbà tó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣé kí n dá if-else mi padà ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ìṣokùn:
Má dá a padà àbúrò. "or" yẹn ló ṣe ẹ́. Kì í wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀, bóyá ó jẹ́ òótọ́ ló ń wò, lójú Python sì rèé irọ́ ni 0, irọ́ ni "" (ọ̀rọ̀ òfìfo), irọ́ ni [] (àkójọ òfìfo), bíi None (àmì pé kò sí nǹkan kan) gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó mú 0 ti sọ tẹnu ẹ̀ o! Kí oníyán bi ẹ́ ní Iléṣà níbí pé ẹran mélòó, o ní má fi ẹran sí i, kó wá bu mẹ́ta lé e torí pé o ò sọ nǹkan kan, ṣé wàá gbà? Kọ ọ́ báyìí:

if eni is not None: return eni
if config is not None: return config
return 30

Kò sí else kankan, ẹni tó bá ń kà á á rí i lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ń wá nìyẹn, kì í ṣe kó ṣáà ti kúrú.

Àdùkẹ́_js:
Ojú àwa oníJavaScript ti rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ||, "or" tiwa, ṣe ń ṣe wá, ìgbà tí ?? wọlé ní 2020 lara tó tù wá, null àti undefined (àwọn None tiwa) nìkan nìyẹn ń fò. Python ò ní irú ẹ̀. Ọmọ Ẹnuwá, ṣọ́ra fún config.get("iseju", 30) náà o, tó ń wá iseju nínú config, tó sì ń mú 30 tí kò bá rí i; tí key yẹn (orúkọ iseju) bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ None, None ló máa gbé fún ẹ. Jọ̀ọ́ kọ tẹ́ẹ̀sì fún 0 yẹn kó o tó tì í lọ (push) sínú kóòdù àpù náà.

Ọmọ_Ẹnuwá:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé àǹtí. Mo ti kọ tẹ́ẹ̀sì 0, None àti 15, mo kọ́kọ́ fi "or" àtijọ́ rán wọn, ti 0 nìkan ló kùnà, mo wá pààrọ̀ ẹ̀, gbogbo wọn yege. Mo ti ṣàlàyé fẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ìdí tí mi ò fi lo "or", mò ń tì í lọ báyìí kíná tó lọ.